Bí Mo Ṣe Lọ Mú Oòrùn Wálé fún Ìbídùn

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi. Ẹni tó bá ní iṣu lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíákíá, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í dúró de ẹni tí iṣu rẹ̀ ń jóná. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Ọdẹ́wùmí, èmi tí ẹfọ̀n rí lọ́ọ̀ọ́kán tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bí irun mi ti funfun tó yìí, ọjọ́ orí kọ́ ló fọ̀ ọ́, ohun tí ojú mi rí ni.

Nínú gbogbo ẹran tí mo ti dọdẹ rẹ̀, kò sí èyí tó ṣòro mú bí oòrùn. Ẹkùn ní ibùba, ìgalà ní ọ̀nà odò tí ń gbà lọ mumi. Oòrùn ò ní ibì kankan tí èèyàn lè ba dè é. Gbangba ló wà, gbogbo ayé ń rí i, síbẹ̀ kò sí ọwọ́ tó tó o.

Ohun tó gbé mi dé ìdí rẹ̀ nìyí. Ìyàwó mi, Ìbídùn, ìyá Ọláìtán, àtọ̀gbẹ ń dà á láàmú. Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá fún un ní oògùn abẹ́rẹ́, àwọn ìgò wẹ́wẹ́ tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó ní, "Ìyá, inú fíríìjì ni ilé oògùn yìí o. Bó bá gbóná pẹ́nrẹ́n, omi lásán lẹ ń gún sára." Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà mọ iná ìjọba ìlú wa. Ó dà bí àna tó ń bínú. Ìgbà tó bá wù ú ló ń wá, kì í kí ẹnikẹ́ni, kí a sì tó wá àga fún un, ó ti lọ. Jẹnẹrétọ̀ tí a ní, èéfín rẹ̀ ń há Ìbídùn láyà. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ kan, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Oògùn gbóná, a ò mọ̀. Obìnrin náà ń gún omi lásán sára títí ó fi ṣubú lẹ́bàá àmù, tí a gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn.

Ọjọ́ tó padà dé, ó jókòó, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bàbá Ọláìtán," ó ní, "ṣebí ẹ̀yin lẹ ń sọ fún gbogbo ìlú pé ọwọ́ lásán lẹ fi mú ẹfọ̀n."

"Ìwo rẹ̀ méjèèjì ni mo dì mú," mo fèsì.

"Ó dáa. Ẹ lọ bá mi mú oòrùn wálé. Nọ́ọ̀sì tún ti kó oògùn oṣù mẹ́ta fún mi, ó ní kò sí òmíràn títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé. Mo ti bá yín jìyà, mo ti bá yín jẹ ẹran ìgbẹ́ tó le bí bàtà. Mi ò ní wá torí fíríìjì kú."

Ó kó àwọn ìgò rẹ̀ lọ fi pamọ́ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ibùsọ̀ mẹ́ta sí ilé wa. Àràárọ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ tó wú rìn lọ gún un, tó ń rìn padà. Nígbà tí mo rí i bó ti ń fọwọ́ ti ògiri lọ lọ́jọ́ kẹta, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo ki àdá bọ àkọ̀, ó di Igbó Aláìlójìji.

Igbó yìí, ẹ̀yin ará mi, oòrùn ń ràn án láti òkè, ó ń ràn án láti ìsàlẹ̀. Bí mo ti fẹ́ wọ̀ ọ́ báyìí, òjìji mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, ó ní kí n kí wọn tí mo bá dé ọ̀hún. Èmi nìkan ni mo wọlé.

N kò tíì rìn jìnnà tí ìwin kan fi dábùú ọ̀nà. Ojú mẹ́rìndínlógún ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wo ibi tó wù ú. Orúkọ rẹ̀ ni Gbẹ́rùwò.

"Ọmọ ènìyàn, kí lo wá wá?"

"Oòrùn ni mo wá mú lọ sílé."

"Kí ni ń jẹ iná nínú ilé rẹ? Kà wọ́n fún mi."

Ilé rere ni wọ́n ti tọ́ mi. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, a kì í sì í ka ohun ilé ẹni fún àjèjì. Mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ kú ìbéèrè. A dúpẹ́, a pọ̀ díẹ̀."

Ìwin bú sẹ́rìn-ín, mẹ́jọ nínú ojú rẹ̀ ń da omi. "'A pọ̀ díẹ̀' kì í ṣe iye! Oòrùn kì í bá ẹni tí kò mọ iye ẹnu ilé rẹ̀ lọ. Máa kà. Ohunkóhun tí o bá dárúkọ, orí rẹ ni yóò bọ́ sí. Bí o bá rù wọ́n dé ìdí àràbà tó wà lọ́hùn-ún yẹn, máa kọjá. Bí o kò bá rù wọ́n dé ibẹ̀, ajílẹ̀ ni ọ́."

Ìgbéraga ni kòkòrò tó ń jẹ ọdẹ. Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé, ṣé iwájú ìwin ni èmi Ọdẹ́gbàmí yóò ti máa ka gílóòbù mẹ́rin? Mo ní, "Fíríìjì." Gbì! Fíríìjì bọ́ sórí mi. Ó wúwo, ṣùgbọ́n mo ti ru odindi ìmàdò rí. Mo ní, "Tẹlifíṣàn mẹ́ta." Gbì, gbì, gbì. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló fún mi ní tẹlifíṣàn? Mo ní, "Ẹ̀rọ amúlétutù méjì." Ilé báńkì ni mo ti rí ẹ̀rọ yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí òtútù rẹ̀ sì fẹ́ pa mí. Wọ́n bọ́ sórí mi bí erinmi méjì tó ń jà.

"Ó kù?" ìwin béèrè.

"Áyọ́ọ̀nù," mo ní, mo rò pé nǹkan kékeré nìyẹn, kí n lè mí kanlẹ̀.

Áyọ́ọ̀nù náà ti òkè bọ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Bó ti kàn mí lórí báyìí, mo wọlẹ̀ dé ìbàdí.

"Háà!" mo kígbe. "Kékeré yìí?"

"Ohun tó bá ń mú nǹkan gbóná, òun ni alájẹkì," Gbẹ́rùwò wí. "Ọgọ́rùn-ún gílóòbù òde òní, wọn ò ju òun nìkan lọ. Máa kà, olówó ayé."

"Ẹ dákun, ẹ sọ̀ mí."

"Èyí tí kì í ṣe tìrẹ, jẹ́wọ́ rẹ̀, yóò bọ́ sílẹ̀."

Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé n kò ní amúlétutù. Ó ní òun ò gbọ́. Ẹ̀yin ará mi, èmi tí ẹfọ̀n ń bẹ̀, mo dúró sínú ihò ní àárín igbó, mo fi gbogbo ohùn kígbe pé, "MI Ò NÍ AMÚLÉTUTÙ! MI Ò NÍ TẸLIFÍṢÀN KANKAN! ÌYÁLÉ ÀBÚRÒ MI LÓ NI ÁYỌ́Ọ̀NÙ!" Àwọn ẹyẹ ń sọ ọ́ láti orí igi dé orí igi. Títí di òní, tí mo bá ti wọ igbó, odídẹrẹ́ á ní, "Mi ò ní amúlétutù."

Ó wá ku fíríìjì, mo sì ka ìyókù tó jẹ́ tèmi ní tòótọ́ mọ́ ọn: gílóòbù mẹ́rin, fáànù kan, rédíò mi àti fóònù méjì. Mo dìde, mo ń lọ. Kí n tó rìn dé ìdajì ọ̀nà, gílóòbù kan bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo sí i ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Èwo tún nìyí?"

"Èyí tí ẹ ń tàn sí ẹ̀yìnkùlé láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́ ni," ìwin wí. "Kì í ṣe bí ẹnu ti tóbi tó nìkan là ń wọ̀n. Iye wákàtí tó fi là sílẹ̀ ńkọ́?"

"N ó máa pa á!" Bí mo ti sọ bẹ́ẹ̀, ó fúyẹ́. Mo dé ìdí àràbà. Gbẹ́rùwò mú èédú, ó kọ iye gbogbo rẹ̀ sí mi ní àtẹ́lẹwọ́, ó sì yọ̀ǹda mi.

Ooru igbó náà ti fẹ́ sè mí jinná kí n tó rí ibòji kan ṣoṣo, ó tẹ́jú bí ẹní. Obìnrin arẹwà kan jókòó sínú rẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ gùn bí ẹ̀ka igi. Ó ní Ìyá Ibòji ni òun. Ó bu omi tútù fún mi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni sólà mẹ́fà dúró sí gbọọrọ, wọ́n di ara wọn níbàdí bí àwọn tó fẹ́ fa ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Àwọn lo wá mú," ó ní. "Máa kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n níbo lo fẹ́ tò wọ́n sí?"

Mo dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí tó mọ bí a ti ń ṣe àlejò. "Orí òrùlé mi ni, lápá ibi tí igi máńgòrò ti ṣíji bò ó, kí oòrùn má baà pa wọ́n lára."

Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi dì mọ́ mi. "Àna mi àtàtà! Igi máńgòrò yẹn, àbúrò mi ni." Ó na ìka kan, òjìji ìka náà sì bọ́ sára sólà kẹta. Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. "Ṣé o rí i? Bí ọ̀kan bá sùn, gbogbo wọn ló sùn. Kó wọn lọ fún àbúrò mi, kó máa fi wọ́n ṣeré."

Nígbà yẹn ni ojú mi là. Mo rí Ìbídùn lójú inú mi, ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri. Mo fa àdá yọ, n kò ṣá obìnrin, mo ṣá ẹ̀ka tó wà lókè orí rẹ̀. Oòrùn bọ́ lé e. Ó ń kéré, ó ń kéré, títí ó fi tó fìlà, ó sì ń bú mi láti abẹ́ ewé kan, "Ọdẹ burúkú! Ò báà gé mi, máńgòrò ilé rẹ ń dàgbà lọ́dọọdún!"

"N ó máa gé òun náà lọ́dọọdún," mo ní. Àwọn sólà jí, wọ́n nà, wọ́n tẹ̀ lé mi.

Bí a ti ń lọ, a dé ìlú kan tí wọn kì í lá abọ́ gbẹ. Ọba wọn, Àjẹṣẹ́kù, jókòó sórí òkìtì bátìrì. Ó ní kí wọ́n gbé àsáró fún mi. Ebi ti pa mí, mo jẹ ẹ́, mo fi ìka nu abọ́, mo lá ìka. Kí n tó mọ̀, abọ́ náà sunkún, ó sán, ó kú sí mi lọ́wọ́. Àwọn ìjòyè kígbe, "Ó ti pa á!"

"Bí bátìrì náà ti rí nìyẹn," Ọba wí. "Ẹni tó bá ń lá a dé ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní bá a dàgbà. Bí o bá jẹ ẹ́ jẹ ẹ́, fi díẹ̀ sílẹ̀. Èkejì: bí oòrùn bá lọ kí àna rẹ̀, tí òjò gba ojú ọ̀run, ọjọ́ mélòó ni ilé rẹ yóò fi dúró dè é?"

Mo wo bí bátìrì ti wúwo tó, mo ro ọrùn mi. "Kábíyèsí, ọjọ́ kan tó."

"Oògùn ìyàwó rẹ kò mọ̀ pé ọrùn ń dùn ọ́. Ọjọ́ méjì. Ẹ̀kẹta: ta ni yóò máa jẹ nínú rẹ̀?"

"Èmi àti Ìbídùn nìkan."

Ó tẹ̀ síwájú lórí òkìtì rẹ̀. "Nìkan?"

"Nìkan ni, kábíyèsí."

"Ẹnu rẹ ló wọ̀n ọ́n fún ọ." Ó ka èédú tó wà lọ́wọ́ mi, ó wọn bátìrì gẹ́lẹ́ bí mo ti wí, ó sì fi ínfátà lé e, àpótí kan tó ń kùn bí agbo oyin, òun ló ń sọ oúnjẹ bátìrì di oúnjẹ fíríìjì.

N kò purọ́ fún ọba o. Mo kàn gbàgbé ìlú tí mo ti wá ni.

Mo mú òjìji mi lẹ́nu ọ̀nà igbó, ó ti sanra. Mo délé, mo gun igi máńgòrò, mo gé ẹ̀ka tó ṣíji bo òrùlé. Ìbídùn figbe ta, "Máńgòrò mi! Èyí tó dùn jù nínú wọn!" Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn sólà gun òrùlé tí fíríìjì sọ̀rọ̀, ó dákẹ́. Ó lọ kó oògùn rẹ̀ wá, ó tò wọ́n sínú fíríìjì bí ẹni ń to ẹyin sábẹ́ adìyẹ.

Ẹ gbọ́ ọ̀ràn wàyí. Láti ayé àwọn bàbá wa, ẹni tí iná ààrò rẹ̀ bá kú á mú àpáàdì, á lọ yọná lọ́dọ̀ aládùúgbò. Wọn kì í bi í pé kí ló fẹ́ sè. Wọn kì í sọ pé kò sí. Iná tí a yọ kì í sì í dín ti ààrò kù. Nítorí náà, nígbà tí Mákindé onígbàjámọ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, tòun ti fóònù àti ẹ̀rọ ìgẹrun, tó dọ̀bálẹ̀ pé, "Bàbá ọdẹ, mo wá yọná ni o," kí lẹ fẹ́ kí n wí? Mo ní kó wọlé. Kí ọ̀sán tó pọ́n, fóònù mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ń rọ̀ lára ògiri mi bí àdán. Fẹ́hìntọlá aránṣọ náà dé, ìró rẹ̀ wú ní ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mo ní kí n wá kí yín ni, bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Ó ń ro mí díẹ̀ ni." Ó wọ yàrá lọ, kò tètè jáde, òórùn aṣọ tí wọ́n lọ̀ sì gba ilé kan.

Èmi wà níta, wọ́n ń kì mí ní Amóòrùn-wálé. Bí wọ́n bá ti kì mí lẹ́ẹ̀kan, n ó wọlé lọ ṣí fíríìjì sílẹ̀ gbayawu kí àlejò lè fọwọ́ kan òtútù. Báyìí la ṣe lo ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, òjò. Lọ́jọ́ kẹta, òjò. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìgbà òjò gan-an ni iná ìjọba máa ń sá lọ? Èrò wá pọ̀ sí i, Fẹ́hìntọlá náà sì tún wọ yàrá lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ínfátà ké "pẹ́ẹ̀, pẹ́ẹ̀, pẹ́ẹ̀," ó dákẹ́. Fíríìjì náà dákẹ́. Mo ti gbọ́ tí ẹkùn bú lẹ́yìn etí mi rí, ẹ̀rù ò bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Ìbídùn ti ilé ìdáná wá. Ó mú ìgò kan, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ó ṣì tutù," ó ní. "Kò ní pẹ́ mọ́." Ó bojú wo gbogbo èrò tó wà ní pálọ̀. Ó wọ yàrá, ó gbé áyọ́ọ̀nù jáde, ó ṣì ń gbóná, Fẹ́hìntọlá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí adìyẹ tí òjò pa.

"Ẹ̀yin ará," Ìbídùn wí, "n kò ní kí ẹ má yọná nílé wa. Ìyá ọkọ mi ò ṣe é rí. Ṣùgbọ́n iná ààrò, bí ẹ bu ògúnná kan, igi ṣì ń jó lọ. Èyí ò ní igi nídìí. Oòrùn àná ni gbogbo wa ń bù. Búbá mẹ́ta tí Fẹ́hìntọlá lọ̀ yìí, oògùn oṣù méjì àbọ̀ mi ni wọ́n wọ̀ sọ́rùn."

Fẹ́hìntọlá bú sẹ́kún. "Ìyá Ọláìtán, ẹ má bínú, mo rò pé iná ni."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," mo wí. Ohùn mi kéré. "Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. Èmi ni mo sọ fún ọba pé àwa méjì péré ni."

Mákindé ti dìde. "Bàbá, ẹ fi àròyé sílẹ̀. Ìyá, ẹ ní fúláàsì?" Ìbídùn kó àwọn ìgò, ó fi aṣọ wé wọn, ó tò wọ́n sínú fúláàsì, ó fi ìwọ̀nba omi dídì tó kù há ẹ̀gbẹ́ wọn. Mákindé gun ọ̀kadà rẹ̀ nínú òjò, Fẹ́hìntọlá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbá fúláàsì mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó, wọ́n sì forí lé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.

A jókòó, a ń retí. Fóònù mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú ilé náà tí wọ́n yó bámúbámú. Èyí tí Mákindé ń pè kò lọ. Èmi ni mo ni ín. Ẹni tó ni oòrùn, fóònù tirẹ̀ nìkan ló kú! Nígbà tó ṣe, ó pe ti ẹlòmíràn, wọ́n sì gbé e sí Ìbídùn létí. A gbọ́ ohùn Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá: "Mo ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, Ìyá. Wọ́n tutù. Kò sí èyí tó bàjẹ́." Ìbídùn dá fóònù náà padà. Ó jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó fi etí ìró nu ojú. Èmi náà yíjú sí ògiri, mo ní òjò ló ta sí mi lójú.

Nígbà tí oòrùn ti ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ dé, Ìbídùn gbé òfin kalẹ̀. Bátìrì yóò kọ́kọ́ yó, àfi ìgbà tó bá yó kí ẹnikẹ́ni tó yọná. Láti ìgbà tí oòrùn bá dé àtàrí ni, títí yóò fi yí, nítorí oòrùn àkókò yẹn ò níbi tí yóò wọ̀ mọ́. Ẹni tó bá wá, kó kọ́kọ́ pọn omi, kó fọ eruku ojú sólà. Fẹ́hìntọlá lè lọ aṣọ kan ní ọ̀sán gangan, níta, níṣojú gbogbo èèyàn. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, kálukú jókòó sílé rẹ̀. Èmi kò sì gbọ́dọ̀ ṣí fíríìjì fún àlejò mọ́. Ìbídùn kó oògùn rẹ̀ padà wálé, ìgò kan kò gbóná mọ́ láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti rọlẹ̀, ẹ̀yin náà rí i bó ti ń rìn.

Ibi tí mo bá oòrùn dé nìyẹn, tí òun náà bá mi dé. N kò ní kí ẹ gbà mí gbọ́ tipátipá. Ẹni tó bá ń jiyàn nínú yín, kó dìde, kó bá mi ká lọ sínú ilé, n ó ṣí fíríìjì fún un kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan òtú— Ẹ jókòó. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́. Ìbídùn ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ yọ fóònù yín lára iná. Oòrùn ti yí.